Ẹ Bi Wá Nípa Mọ́tò: Ẹ Ti Pààrọ̀ Ṣọ́ọ̀kì, Ṣé Aláínmẹ́ǹtì Wá Di Dandan?

Lẹ́tà tó ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀ ju tìyókù lọ, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa spọ́ọ̀tì káà, torí náà mo kó wọn jọ sójú kan. Mi ò tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé o, èyí tọ́rọ̀ wà nínú ẹ̀ ni mo mú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mazda MX-5 ọdún 1999 ni mò ń wà. Mo ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ sípírìn àtijọ́ náà ni mo fẹ́ lò. Mẹkáníìkì kan ní bí mi ò bá ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títún bí wíìlì ṣe dúró ṣe, lẹ́yìn ẹ̀, táyà mi máa jẹ tán. Èkejì ní irọ́ ni, pé owó lásán ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìkejì sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé, kí ló di wíìlì yẹn mú gan-an? Lára mọ́tò tiyín, áàmù méjì ló di wíìlì kọ̀ọ̀kan mú, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn látìgbà tí MX-5 àkọ́kọ́ ti jáde ní 1989. Ṣọ́ọ̀kì kàn dúró sáàárín wọn ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lórí áàmù ìsàlẹ̀, orí ẹ̀ wà lára bọ́dì, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì ju pé kó má jẹ̀ẹ́ kí sípírìn máa jó sókè sódò lọ. Torí náà bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, tẹ́ ẹ fi tuntun sí i, tí gíga mọ́tò ò yí padà, tẹ́ ò sì fọwọ́ kan bóòtù tó ń darí áàmù ìsàlẹ̀, wíìlì ṣì máa dúró bó ṣe dúró tẹ́lẹ̀, kò sóhun tó máa sún un.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti ń wọ́ nìyí. Bóòtù áàmù ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe bóòtù lásán, wáṣà tó wà nídìí ẹ̀ ò rí bákan náà yípo, ó wúlé sápá kan, wọ́n sì fa ìlà kéékèèké sí i lára. Bẹ́ ẹ bá yí i báyìí ó máa ti áàmù síta, bẹ́ ẹ bá yí i lódì ó máa fà á wọlé, òun ni wọ́n fi ń ṣe camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta, ní wíìlì ẹ̀yìn, òun náà ni wọ́n tún fi ń ṣe toe, ìyẹn bí imú táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó bá fẹ́ ráyè yọ ṣọ́ọ̀kì MX-5, ibẹ̀ gan-an ló máa kọ́kọ́ fi sípánà sí, ó ti tú u kó tó rántí pé ìlà wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀, kó tú bóòtù gígùn tó gba inú áàmù òkè kọjá dípò ẹ̀, ìyẹn ò ní àtúnṣe kankan nínú, bó ṣe jáde náà ló máa padà wọlé. Bí kò bá wá sí ọ̀nà míì, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà látorí wáṣà dé ara ọkọ̀ kí wọ́n tó tú u. Ìlà yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ lè wà á dé ibi aláínmẹ́ǹtì láìsí wàhálà, kò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ o.

Ọ̀rọ̀ gíga ló kù. Kí wọ́n tó gbé jáàkì sábẹ́ ẹ, ẹ fi téèpù wọn láti àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà ní wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì tuntun bá jẹ́ onígáàsì, gáàsì inú ẹ̀ máa ti mọ́tò sókè díẹ̀, mìlímítà mélòó kan, ìyẹn ò burú. Bó bá ju ìyẹn lọ, camber àti toe ti sún nìyẹn, torí bí áàmù ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń yí wíìlì.

Èmi o, tó bá jẹ́ pé tèmi ni, màá gbé e lọ síbi ẹ̀rọ aláínmẹ́ǹtì kí wọ́n kàn bá mi kà á, kí wọ́n má tíì tún nǹkan kan ṣe. Mọ́tò 1999, ta ló mọ̀ ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn? Bí gbogbo ẹ̀ bá wà níbi tó yẹ, ẹ máa lọ sílé.

ÌBÉÈRÈ: Toyota 86 lèmi ń wà. Ṣọ́ọ̀kì iwájú nìkan ni mo yí. Àtìgbà yẹn ni sítíárìn ti tẹ̀ sọ́tùn-ún bó tiẹ̀ jẹ́ pé mò ń lọ tààrà, ó sì ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá mi ṣe é ní kí n máa wà á, pé ó máa mọ́ra.

ÌDÁHÙN: Kò ní mọ́ra láéláé, àbúrò. Táyà ló máa kọ́kọ́ tán.

Tìẹ kì í ṣe ti ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni, áàmù ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú 86 kò ní áàmù òkè rárá, ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ ló di orí wíìlì mú. Earle MacPherson, injiníà ará Amẹ́ríkà kan, lorúkọ ẹ̀ wà lára irú ẹ̀, Ford sì ti gbé e sórí Consul ní 1950, látìgbà náà ló ti wà káàkiri torí kò gbàyè, kò sì wọ́n ṣe. Porsche 911 pàápàá, irú ẹ̀ ló wà níwájú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sóhun tó ṣe é, àfi pé ìgbàkígbà téèyàn bá tú u, aláínmẹ́ǹtì ti di dandan, kò sí àwíjàre níbẹ̀.

Wo ìdí ṣọ́ọ̀kì yẹn, wàá rí bóòtù méjì tó so ó mọ́ wíìlì. Ihò bóòtù yẹn kì í fún pinpin, ó máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, bóòtù méjèèjì sì sún mọ́ra, torí náà ohun tó sún bí irun orí níbẹ̀ máa pọ̀ gan-an lórí táyà. Bí táyà bá ga tó mìlímítà 640, dìgírì 1 péré lórí camber, orí táyà ti tẹ̀ kúrò lórí ìdí ẹ̀ níwọ̀n mìlímítà 11 nìyẹn, ojú lásán lè rí i. Bí wọ́n bá ti apá òsì síta nígbà tí wọ́n ń fún bóòtù, tí wọ́n ti apá ọ̀tún sínú, mọ́tò máa fà sápá tí orí táyà ti tẹ̀ síta jù. Toe náà sì ti bá a lọ, torí táì rọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ wíìlì, ò kúrò lójú kan nígbà tí wíìlì ń tẹ̀, òun ló yí sítíárìn ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Toe yẹn gan-an ni kó o bẹ̀rù, ju camber lọ fíìfíì. Bí wíìlì kan bá fi ìdajì dìgírì kọjú síbi tí kò yẹ, nínú gbogbo kìlómítà 1 tó o bá rìn, wọ́n ń wọ́ táyà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó mítà 8 ààbọ̀ lórí ilẹ̀. Fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ ra ojú táyà láti inú bọ̀ síta, kó o tún rà á láti ìta bọ̀ sínú. Bó bá ń dán lápá kan tó ń gún ẹ lọ́wọ́ lápá kejì bí eyín ayùn, ó ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Lọ lónìí, rọra sáré, gba ọ̀nà tó kúrú jù.

ÌBÉÈRÈ: Ní báyìí tí mo fẹ́ tú gbogbo ẹ̀, kí ni kí n pààrọ̀ pẹ̀lú ẹ̀ kí n má baà tún padà wá tú u? Mi ò fẹ́ náwó ní ìnákúnàá o.

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè gidi. Ọ̀nà tí mò ń gbà ronú sí i ni pé, ohunkóhun tó bá máa mú kẹ́ ẹ tún aláínmẹ́ǹtì ṣe bó bá bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ yí i nísinsìnyí. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti ń mì, orí táì rọ́ọ̀dù tó ti tú, búṣìn áàmù, ìyẹn rọ́bà ìdí ẹ̀, tó ti ya, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Kéèyàn ṣe aláínmẹ́ǹtì lórí búṣìn tó ti ya, ìyẹn dà bí ẹni tó lọ aṣọ tán kó tó wá fọ̀ ọ́. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà nígbà tí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́ kọ́ ló máa wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì.

Lórí ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀, rọ́bà orí ẹ̀ tó gbá a mọ́ bọ́dì ṣe pàtàkì, bó bá jẹ́ irú ti 86 tí mo sọ lókè, bẹ́ẹ̀rìn tó wà nínú rọ́bà yẹn ló ń yí nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn, ẹ má dá àtijọ́ padà. Fóòmù kékeré tó máa ń gba ẹ̀ṣẹ́ nígbà tí sípírìn bá wọlé tán náà, wọ́n sábà máa ń fọ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ lọ́wọ́, ẹ yí i. Rọ́ọ̀dù kékeré tó so ọ̀pá tó ń dá mọ́tò dúró ní kọ́nà mọ́ ṣọ́ọ̀kì tàbí áàmù, ẹ fọwọ́ mì í, bó bá ń dún kọ́kọ́kọ́, ẹ yí i. Nọ́ọ̀tì tó ní náílọ́ọ̀nù nínú, tuntun ni kí wọ́n lò. Sípírìn? Bí kò bá tíì kán tí kò sì tíì wọlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa yí ṣọ́ọ̀kì o, apá kan kò gbọ́dọ̀ tuntun kí èkejì gbó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan há ẹni tó bá fẹ́ fúnra ẹ̀ tú u. Sípírìn tí wọ́n fún mọ́lẹ̀ lè pa èèyàn, kò kí ń ṣeré. Ẹ má tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì nígbà tí sípírìn ṣì ń tì í, ẹ fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún sípírìn mọ́ra mú u títí tó máa fi tú sílẹ̀ lórí àwo ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é padà, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń lù de nọ́ọ̀tì òkè yẹn, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí gìrìgìrì nínú síìlì, kí wọ́n má sì fi páláyà di ọ̀pá dídán yẹn mú, torí ibi tó bá há díẹ̀ lójú ẹ̀ ni síìlì máa ti ya, ọ́ìlì á máa jò láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n á wá ní ṣọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ rà kì í ṣe ojúlówó. Orí ọ̀pá náà máa ń níhò tí wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dì mú, sípánà á wá yí nọ́ọ̀tì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Ṣọ́ọ̀kì tuntun, aláínmẹ́ǹtì tuntun, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́ mọ́tò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó bá bọ́ sí kòtò kékeré ó ń hàn bí ilẹ̀kùn tó dìpáta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ti ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sítíárìn ò sì gún mọ́.

ÌDÁHÙN: Mo lè fi orí mi búra pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti fún àwọn bóòtù áàmù yẹn. Ìyẹn ni pé mọ́tò wà lórí jáàkì, wíìlì rọ̀ sílẹ̀, wọ́n wá de gbogbo ẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ wo bí búṣìn ṣe rí nínú. Rọ́bà ni, wọ́n so inú ẹ̀ mọ́ páìpù irin kékeré kan, wọ́n so ìta ẹ̀ mọ́ áàmù. Bí bóòtù bá ti fún tán, páìpù irin yẹn kò lè yí mọ́, ó ti há. Bí áàmù ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà nìkan ló ń lọ́. Ó yẹ kó wà ní ìrọ̀rùn nígbà tí mọ́tò bá dúró sílẹ̀ lórí táyà, kó lọ́ díẹ̀ síhìn-ín díẹ̀ sọ́hùn-ún. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fún un nígbà tí wíìlì rọ̀, ìgbà tí mọ́tò bá balẹ̀ rọ́bà ti lọ́ dópin, ó ń bá sípírìn ti mọ́tò sókè, ìdí nìyẹn tó fi ga, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, mọ́tò wọlẹ̀, aláínmẹ́ǹtì tí wọ́n ti ṣe nígbà tó ga ò sì bá a mu mọ́. Ẹ̀rọ ò purọ́ fún yín o, mọ́tò ló yí gíga padà lẹ́yìn ẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ṣe nìyí: kí wọ́n tú bóòtù tó gba inú búṣìn áàmù àti ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n tú u débi tí áàmù á fi lè sún. Kí wọ́n gbé mọ́tò sórí rám̀pù, tàbí kí wọ́n fi jáàkì ti abẹ́ áàmù títí àárín họ́ọ̀bù sí etí fẹ́ńdà á fi bá nọ́ńbà tí mọ́tò ń jẹ́ nílẹ̀ mu. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n wá fún un dé ìwọ̀n tí ìwé mọ́tò sọ. Bí búṣìn èyíkéyìí bá ti ya, kí wọ́n yí i. Bó bá jẹ́ búṣìn polyurethane tàbí oníbọ́ọ̀lù irin lẹ ní, tiyín ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn yẹn ń yí fàlàlà.

Aláínmẹ́ǹtì ló kẹ́yìn, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan náà bó bá ṣe é ṣe. Ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ yí sípírìn pẹ̀lú ẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ jókòó dáadáa. Irú ti 86 nìkan ni mi ò ní gbà kẹ́ ẹ dúró pẹ́ fún, torí toe ẹ̀ lè ti bàjẹ́ kọjá sísọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé kò dùn.

ÌBÉÈRÈ: Corvette 2003 oníṣọ́ọ̀kì iná. Ṣé mo lè fi ṣọ́ọ̀kì lásán rọ́pò, kí n má sì ṣe aláínmẹ́ǹtì?

ÌDÁHÙN: Aláínmẹ́ǹtì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fò ó. Corvette ìgbà yẹn kò lo sípírìn onílọ́ọ́po, sípírìn kan tó rí gbọọrọ bí ewé, tí kì í ṣe irin, ló nà láti wíìlì dé wíìlì níwájú, òmíràn lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì ò sì gbé nǹkankan. Kò sí mọ́tò eré tó rọrùn tó o láti yí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀. Tiná yẹn ni wàhálà: ohun tó wà nínú ẹ̀ ni ọ́ìlì tí wọ́n po eruku irin mọ́, iná ló ń mú kó ki. Bẹ́ ẹ bá fi ti lásán sí i, kọ̀ǹpútà máa wá wọn tì, á máa kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ síwájú yín, àfi kẹ́ ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń tàn án jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè fi okùn ṣe toe nílé?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, àwọn tó ń sá eré lórí tíráàkì ń ṣe é títí dòní. Ilẹ̀ tó tẹ́ jù lẹ ní ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó yẹ, kẹ́ ẹ di sítíárìn mú kó má lè yí. Ẹ na okùn ìpẹja kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ọ̀kan lápá kejì, kó ga dé àárín ríìmù. Kẹ́ ẹ sún un títí tí àyè láti okùn sí àárín họ́ọ̀bù iwájú á fi jẹ́ ìkan náà lọ́tùn-ún lósì, ti ẹ̀yìn náà lọ́tùn-ún lósì bákan náà. Iwájú àti ẹ̀yìn lè má dọ́gba o, fífẹ̀ wọn kì í sábà bára mu, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn.

Ẹ wá fi rúlà irin wọn láti okùn dé etí ríìmù níwájú, kẹ́ ẹ wọn etí ríìmù lẹ́yìn. Bí iwájú bá jìn sí okùn ju ẹ̀yìn lọ, imú táyà kọjú sínú nìyẹn. Lórí ríìmù ínṣì 17, mìlímítà 1 jẹ́ nǹkan bí dìgírì 0.13, torí náà ojú yín gbọ́dọ̀ mú. Ẹ fi nọ́ńbà tó dọ́gba ṣe táì rọ́ọ̀dù méjèèjì kí sítíárìn má baà wọ́. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti gbé mọ́tò lórí jáàkì, ẹ tì í lọ tì í bọ̀ kẹ́ ẹ tó wọn, torí táyà ò ní dúró dáadáa. Camber àti caster, èyí tó jẹ́ bí òpó tí wíìlì fi ń yí ṣe tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé ìyẹn lọ síbi ẹ̀rọ jàre.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fún mi ní ìwé aláínmẹ́ǹtì, àwọ̀ ewé ló kún ibẹ̀, síbẹ̀ mọ́tò ò dùn ún wà. Nọ́ńbà wo ni kí n ní kí wọ́n fún mi?

ÌDÁHÙN: Àwọ̀ ewé kò ju pé nọ́ńbà wà láàárín àyè tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ lọ, àyè yẹn sì máa ń fẹ̀. Apá kan lè wà ní òkè àyè, èkejì ní ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa tàn ewé. Ẹ ní kí ọ̀tún àti òsì bára mu, ìyẹn ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà fúnra ẹ̀ lọ. Caster tó yàtọ̀ máa fà yín sápá tó kéré.

Fún títì lásán pẹ̀lú spọ́ọ̀tì káà, camber iwájú bí dìgírì 1 sí 1.5 sínú, toe iwájú tó sún mọ́ òfo, ẹ̀yìn kó kọjú sínú díẹ̀. Lórí tíráàkì àwọn èèyàn máa ń lọ sí 2.5 sí 3 níwájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí toe ẹ̀yìn síta nítorí pé ó fẹ́ kí mọ́tò yára yí ní kọ́nà, ìdí ẹ̀ máa já yín sílẹ̀ lójò. Ẹ rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, toe iwájú ló kẹ́yìn, torí gbogbo ohun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn ló ń yí i padà. Kí ẹ̀yin fúnra yín, tàbí ohun tó tẹ̀wọ̀n tó yín, jókòó sáyè dírẹ́bà bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ká a délẹ̀délẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n tún sẹ́ńsọ̀ sítíárìn ṣe, torí bí òfo ẹ̀ ò bá dọ́gba, kọ̀ǹpútà tó ń dá mọ́tò dúró máa máa fi bíréèkì mú wíìlì kan láìnídìí.

Ẹ tún ìwé yẹn wò. Ẹ̀rọ kan máa ń kọ ọ́ bí 0.50, òmíràn máa kọ 0°50'. Wọn ò jọra o. Dìgírì 1 jẹ́ mínìtì 60, torí náà ìkejì yẹn jẹ́ dìgírì 0.83. Bẹ́ ẹ bá gbé nọ́ńbà kan láti ibì kan lọ fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ míì, ibẹ̀ ló ti máa ń wọ́.